BÍ ẸRAN ỌKÀN ṢE Ń KÚ NÍGBÀ TÍ ÒPÓ Ẹ̀JẸ̀ RẸ̀ BÁ DÍ

 Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ọkàn. Kì í ṣe ọkàn tí olólùfẹ́ ń kọ lẹ́tà sí o. Ẹran tó tó ìkúùkù ẹni, tó ń lù kì-kì-kì láyà, ni mò ń wí. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn bá ti dí, ó ti parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wákàtí mélòó kan ni ẹran ọkàn fi ń kú, inú wákàtí wọ̀nyí ni ìrètí sì wà.

Ibi tí ọkàn ti ń jẹun

Ọkàn tí ń bọ́ gbogbo ara, òun náà ń jẹun. Òpó ẹ̀jẹ̀ méjì ló ń bọ́ ọ. Ara ọkàn lóde ni wọ́n gbà kọjá, ẹ̀ka wọn sì ń wọ inú ẹran lọ. Ẹ wo oko àlùbọ́sà tó wà ní fàdámà odò Rima. Ebè tó jìnnà jù ni omi ń dé kẹ́yìn. Bí nǹkan bá dí poro tí omi ń gbà, ebè yẹn ni yóò kọ́kọ́ rọ. Apá inú lọ́hùn-ún ni ebè ìkẹyìn nínú ọkàn.

Ohun tó sábà máa ń dí òpó náà ni ọ̀rá tó ti ń kó jọ sára ògiri rẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Lọ́jọ́ kan, ojú ọ̀rá náà á là. Ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí bí ó ti ń dì lójú ọgbẹ́, ọ̀nà á sì dí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìpele-ìpele

1. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ọ́síjìn tán. Apá tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ ṣíwọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì kú.

2. Bí ẹ̀jẹ̀ bá padà kí ó tó di nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ẹran náà lè yè, bó tilẹ̀ ṣe aláìlágbára fún ọjọ́ mélòó kan.

3. Lẹ́yìn èyí, awọ àwọn sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ohun inú wọn á sì máa jò sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tó ń jò yìí, troponin, ni àwọn dókítà fi ń mọ̀ pé ẹran ọkàn ti fara pa.

4. Ikú náà ń ti inú bọ̀ síta. Lọ́dún 1977, Reimer àti Jennings ní Amẹ́ríkà jábọ̀ ohun tí wọ́n rí lára ajá. Nígbà tí òpó dí fún 40 ìṣẹ́jú, 38 nínú ọgọ́rùn-ún ẹran ibi tí wọ́n wò ló kú. Ní wákàtí 3, ó di 57. Ní wákàtí 6, ó di 71. Ní wákàtí 24, ó di 85. Ènìyàn kì í ṣe ajá, kò sì dọ́gba lára gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ikú ẹran yìí ń gbà.

5. Lẹ́yìn náà, ara á máa kó òkú ẹran kúrò. Láàárín ọjọ́ 3 sí 7, ibẹ̀ rọ̀ gan-an, ó sì lè ya. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ó ti di àpá. Àpá kì í fún ẹ̀jẹ̀ jáde. Ẹran tó kù ni ẹrù á wọ̀ lọ́rùn.

Ṣé àìsàn òyìnbó ni?

Rárá o. Lọ́dún 1973, Falase, Cole àti Osuntokun, àwọn dókítà Ìbàdàn, ti kọ̀wé lórí rẹ̀ lára ọmọ Nàìjíríà. Ìwádìí INTERHEART tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2005 láti orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú wọn, rí i pé ohun 5 ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú ewu náà: sìgá, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikùn ńlá àti ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀.

Kí ni ká ṣe?

Bí àyà bá ń di bàbá yín tàbí ìyá onílé yín bí ẹni gbé òkúta lé e, tí ìrora ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù bò wọ́n, ẹ má sọ pé ọgbẹ́ inú ni, kí ilẹ̀ mọ́ ná. Lára àwọn obìnrin àti alátọ̀gbẹ, ó lè jẹ́ mímí gúlegúle àti àárẹ̀ nìkan ni wọn óò rí. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀; UDUTH kò jìnnà sí Arkilla. Ìwádìí ISIS-2 ti ọdún 1988, tó kan ènìyàn 17,187, fi hàn pé aspirin àti oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì ń dín ikú kù, bí oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ bá sì ti tètè wọlé tó ni àǹfààní rẹ̀ ń pọ̀ tó. Kí ẹ sọ aago tí ìrora bẹ̀rẹ̀ fún dókítà.

Wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò. Àwa ti dé Sókótó. Aago ló wà lápò wa. Ẹ máa wò ó.

Ìdánrawò

1. Kí ló dé tí apá inú ọkàn fi ń kọ́kọ́ kú?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹran tó ṣíwọ́ iṣẹ́ àti ẹran tó kú?
3. Ta ni ẹ óò kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí nílé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí?