Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Rẹ Ń Tijú Láti Bá Ọ Sọ

Ẹ̀yin ọmọ mi obìnrin, lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin bá rí nǹkan oṣù fún ìgbà àkọ́kọ́ nílé wa, gbólóhùn kan ni ìyá máa ń sọ: "Bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ọ́ báyìí, oyún dé nìyẹn." Ó tán. Kò ní mẹ́nu ba àrùn, kò sì ní sọ ohun tí ọmọ lè ṣe bí ọ̀rọ̀ bá ti já lé e lórí. Èmi ti dàgbà kọjá ìtìjú. N ó máa bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìwọ kan ṣoṣo ló jókòó níwájú mi.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé láàrin àwọn ẹni ọdún 15 sí 49, obìnrin tó ní kòkòrò HIV lára ju ìlọ́po méjì ọkùnrin lọ: ìdá 1.9 nínú 100 fún obìnrin, ìdá 0.9 fún ọkùnrin. Láàrin àwọn ẹni ọdún 20 sí 24, ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Bí àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ kò bá wá ní in tó bẹ́ẹ̀, ta ló ń kó o ran ẹ̀yin ọmọbìnrin? Ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

1. Ṣọ́ra fún ọkùnrin tó fi ọdún púpọ̀ jù ọ́ lọ. Ní KwaZulu-Natal ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ẹ̀jẹ̀ tọ ipasẹ̀ kòkòrò náà láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé 25 ọdún ń kó o lára ọkùnrin tó fi nǹkan bí ọdún 9 jù wọ́n lọ. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn sì ń kó o lára obìnrin ẹgbẹ́ tiwọn. Bí ọmọbìnrin náà bá dàgbà, òun náà á kó o ran ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn á tún wá ọmọdé lọ. Bó ṣe ń yí nìyẹn.

Èmi ò bú ọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, mo sì mọ iye tí wọ́n ń gbà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lónìí. Ṣùgbọ́n rò ó wò: ọ̀gá tó san owó ilé, tó san owó iléèwé, tó ra fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ, ìgbà wo ni wàá lè sọ fún un pé kó lo rọ́bà? Ẹnu rẹ ni ó ti rà. Ti ara ọmọdébìnrin tún wà níbẹ̀: awọ inú ojú ara rẹ̀ kò tíì gbó, àtọ̀ ọkùnrin sì ń pẹ́ nínú rẹ̀, nítorí náà ó rọrùn fún kòkòrò yìí láti wọ ara rẹ̀ ju ara ọkùnrin lọ. Lójú tèmi, iṣẹ́ ọwọ́ tí ń mú owó wọlé, bó ti wù kó kéré mọ, wà lára ohun tí ń dènà HIV. Bí o bá ní owó ọkọ̀ tó máa gbé ọ kúrò nílé ọkùnrin ní ọ̀gànjọ́ òru, o ti ní ẹnu.

2. Má fi ojú wo ènìyàn kí o sọ pé ara rẹ̀ mọ́; àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè sọ. Nígbà tí olórin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, ló sọ ọ́ gbangba fún àwọn oníròyìn pé éèdì, àrùn tí HIV ń fà, ló pa á. Lásìkò yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pe àrùn náà ní irọ́ òyìnbó. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá lè sọ ọ́ síta, kí ló ń dí ìwọ àti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ lọ́wọ́ láti jọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò? Ẹ kì í gbàgbé jínótáìpù. Ṣe ti HIV mọ́ ọn, kí o sì ṣe é kí ẹ tó fara kan ara, má dúró di ọ̀sẹ̀ tí pásítọ̀ máa béèrè ìwé àyẹ̀wò kí ó tó so yín pọ̀. Àyẹ̀wò lè má tètè rí kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, nítorí náà ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù 3.

3. Ní rọ́bà tìrẹ. Ẹni tó bá lè dúró, kó dúró. Kò sí ẹni tó kú rí nítorí pé kò tíì mọ ọkùnrin. Ẹni tí kò bá ní dúró, kó má fi rọ́bà sílẹ̀ fún ọkùnrin láti rántí. Aráyé á ní aṣẹ́wó ni ọmọbìnrin tó ní kọ́ńdọ̀mù nínú báàgì. Jẹ́ kí wọ́n wí; ẹni tó mú agbòjò dání kọ́ ló pe òjò. Wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára, má fi í sínú oòrùn, má sì fi fasilíìnì tàbí òróró pa á, torí epo ń jẹ rọ́bà.

4. Èyí ló ń dùn mí jù: ohun tí ẹ̀ ń pè ní oògùn àrùn tí kì í ṣe oògùn rẹ̀. Oyún ni Postinor ń dènà. Kò kan HIV rárá. Omi iyọ̀ tí ẹ̀ ń mu lẹ́yìn tí ẹ bá dìde, Ampiclox tí ẹ̀ ń gbé mì, ọsàn wẹ́wẹ́ àti álọ́ọ̀mù tí ẹ̀ ń fi fọ ojú ara kí ó lè fún, àti kayan mata, àwọn oògùn ìfẹ́ tí wọ́n ń tà lórí Instagram: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń lé kòkòrò HIV. Àwọn tí ẹ̀ ń kì bọ inú ara tilẹ̀ lè bó awọ inú, kí wọ́n sì la ọ̀nà sílẹ̀ fún àrùn tí ẹ rò pé ẹ̀ ń lé. Ojú ara obìnrin a máa fọ inú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Omi lásán níta ti tó.

Ọ̀kan tún wà tí ẹ̀ ń pè ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n. Ọmọ mi, ènìyàn kì í kó àtọ̀sí lórí ṣálángá. Láti ara ẹni tí a bá sùn ló ti ń wá, ọ̀pọ̀ obìnrin ni kì í sì í rí àmì kankan títí yóò fi ba ọ̀nà ọmọ jẹ́. Jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yẹ̀ ọ́ wò; ẹni tó ń tajà ní kẹ́míìsì kò lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Àrùn abẹ́ tí a kò tọ́jú a sì máa mú kí ó rọrùn fún HIV láti wọlé.

5. Wákàtí 72. Bí rọ́bà bá bẹ́, tàbí bí ẹnìkan bá fipá bá ọ lò pọ̀, oògùn kan wà tí ń dènà HIV, tí wọ́n ń pè ní PEP. O kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wákàtí 72 kọjá kí o tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ọjọ́ 28 ni wàá fi lò ó. Àṣà wa ni kí ẹbí kọ́kọ́ ṣe ìpàdé, kí wọ́n máa rò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà yóò ba orúkọ ilé jẹ́. Kí ìpàdé tó tú, àkókò ti lọ. Ilé ìwòsàn ni kí o kọ́kọ́ gbà lọ, kí o má tíì wẹ̀, kí ìpàdé máa bọ̀ lẹ́yìn. Ní Èkó, Mirabel Centre ti wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà láti 2013, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Mo tún un sọ, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ.

6. PrEP, oògùn tí à ń lò ṣáájú kí HIV má bàa wọlé, ló wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀, torí kò sí ẹni tí wàá tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin ló ń wọ rọ́bà; ìwọ ló ń gbé PrEP mì. Hóró kan lójúmọ́ ni. Ẹni tí kò ní HIV ló wà fún, nítorí náà wọn á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Abẹ́rẹ́ náà ti wá dé, Lenacapavir ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gún un. Ní Gúúsù Áfíríkà àti Ùgáńdà, wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọbìnrin ẹni ọdún 16 sí 25. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2024, nínú 2,134 tí wọ́n gún un fún, kò sí ẹyọ kan tó kó HIV. Ní oṣù keje 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àwọn orílẹ̀-èdè máa lò ó. Kò tíì dé gbogbo ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n béèrè. Bí wọ́n bá ní kò sí, béèrè hóró. PrEP kì í dá oyún dúró, kì í sì í dá àtọ̀sí dúró, nítorí náà fi rọ́bà kún un.

7. Bí èsì bá wá sọ pé o ní in, má sá. Oògùn rẹ̀ kò gbowó ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́, tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré débi pé àyẹ̀wò kò rí i mọ́, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn, ó sì lè bí ọmọ tí kò ní in. Bí o bá lóyún, forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí o tó lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni yòówù tó bá ní kí o ju oògùn nù torí pé àdúrà ti gbà, jẹ́ kó máa gbàdúrà rẹ̀, kí ìwọ máa lo oògùn rẹ. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2014 lórí HIV sì sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ béèrè àyẹ̀wò HIV kó tó gbà ọ́ síṣẹ́.

8. Àbúrò rẹ obìnrin tó wà láàrin ọdún 9 sí 14, mú un lọ gba abẹ́rẹ́ HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Láti oṣù kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà ti ń fún wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bá bá wa kà á dé ibí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá ọmọ yín lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí ẹ sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ tiyín.