ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Ìròyìn Ogun Ojú Òkun, 1939–1945

Láti Ikoga, ní agbègbè Àgbádárìgì, ààlà Dahomey (Benin òde òní) kò jìnnà. Nígbà tí Faransé túúbá fún Jámánì nínú Ogun Àgbáyé Kejì ní oṣù Kẹfà 1940, abẹ́ ìjọba Vichy (ìjọba Faransé tó ń bá Jámánì ṣe) ni Dahomey wà títí di ìparí 1942. Ogun ti dé ẹnu ọ̀nà nìyẹn!

Ìwé ìròyìn Èkó ni aráàlú fi ń tọpa rẹ̀: Daily Times, West African Pilot ti Nnamdi Azikiwe, àti Akede Eko tó ń fọ Yorùbá. Ẹni tó mọ̀wé a máa kà á sétí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà. Wáyà abẹ́ òkun àti wáyálẹ́ẹ̀sì ló ń gbé ìròyìn ilé-iṣẹ́ ìròyìn Reuters wá láti Lọ́ńdọ̀nù: bí àwọn atukọ̀ Jámánì ṣe fọwọ́ ara wọn fọ́ ọkọ̀ ogun wọn, Graf Spee, tó fi rì lẹ́bàá Montevideo ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1939, àti bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kùnà láti gba Dakar ní oṣù Kẹsàn-án 1940.

Ṣùgbọ́n ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ń yẹ ìròyìn wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò kúrò ní èbúté jẹ́ àṣírí, torí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń ṣọdẹ ní omi Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Bí o bá ń ka ìwé ìròyìn ìgbà náà, wá ohun tí wọn kò kọ síbẹ̀ pẹ̀lú.