Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́: Ayùn Tín-ínrín Kì í Gba Ipá

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ẹ̀ka kan nínú iṣẹ́ káfíńtà: fífi ayùn tín-ínrín gé ọnà sára pákó. Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe é ni wọ́n ń pè ní scroll saw. Bíléèdì rẹ̀ tín-ín-tìn-ín, ó ń lọ sókè sódò, ó sì lè yí kọ́lọkọ̀lọ níbi tí ayùn ńlá kò lè yí sí.

Kí ni èyí kàn wá?

Àwa tí a ń gbé Ìkẹjà àti Agége mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ńláńlá ni ọ̀pọ̀ òbí wa fi tọ́ wa. Wọ́n ń jí lọ sí Ọba Akran àti Ọgbà láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ a máa kógbá wọlé. Ní 2008, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ baálé ilé ni iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ tí ó wà ní ọwọ́ ẹni, ẹnikẹ́ni kò lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ni. Bí ọ̀dọ́ kò bá sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kì í pẹ́ tí owó òjijì fi ń pè é.

Àwọn Ànábì Ọlọ́hun kò fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ ọwọ́. Ànábì Nuhu kan ọkọ̀ pẹ̀lú pákó àti ìṣó. Hádíìsì tí ó wà nínú àkójọ Muslim fi yé wa pé káfíńtà ni Ànábì Sakariyah. Nígbà tí Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun fẹ́ mínbárì, obìnrin kan nínú àwọn Ansari ni ó ránṣẹ́ sí pé kí ó ní kí ìránṣẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ káfíńtà kàn án. Nítorí náà, kí arábìnrin wa má ṣe rò pé iṣẹ́ igi kò kan òun. Ayùn tín-ínrín kò béèrè agbára, ojú àti sùúrù ni ó ń béèrè.

Ní Èkó wa níhìn-ín pẹ̀lú, Mohammed Shitta Bey kọ́ mọ́ṣáláṣí tí a ṣí ní 1894. João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà láti Brazil, ni ọ̀gá iṣẹ́ ilé náà. Nígbà tí ó yá tí a fẹ́ kọ́ Mọ́ṣáláṣí Àgbà, Sanusi Aka, Mùsùlùmí ọmọ Èkó, bá da Costa ṣe é. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ni a ń bá ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀

1. Ayùn ọwọ́ ṣáájú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ wọ́n, iná mọ̀nàmọ́ná kò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ayùn ọlọ́wọ́ tí irin rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Ẹ kan pákó kékeré kan tí a gé lẹ́nu bíi lẹ́tà V mọ́ etí tábìlì, orí rẹ̀ ni iṣẹ́ yóò máa jókòó sí.

2. Igi tí ó rọ̀. Arère dára, plywood fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà dára. Ẹ fi ìrókò sílẹ̀ ná. Ó le, eruku rẹ̀ sì ń yọ àyà àti imú lẹ́nu.

3. Bíléèdì. Eyín rẹ̀ gbọ́dọ̀ dojú kọ ìsàlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi dún ketekete bí a bá fi ìka ta á. Ẹ yan èyí tí eyín rẹ̀ 3, ó kéré tán, yóò máa wà nínú igi lẹ́ẹ̀kan náà. Bí eyín bá fọ́nká ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò máa fa pákó ya.

4. Ẹ má tì í. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí a bá ti igi mọ́ bíléèdì, yóò tẹ̀, ìlà yóò wọ́, lẹ́yìn náà yóò kán. Igi ni a ń yí, a kì í lọ́ bíléèdì. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìlà tààrà nìkan. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìlà tí ó yí. Lẹ́yìn náà ni kọ̀rọ̀ ṣóńṣó.

5. Inú ṣáájú òde. Bí ọnà bá ní ihò láàárín, ẹ fi dìríìlì lu ojú ihò kékeré sí apá tí a fẹ́ yọ dànù, ẹ ki bíléèdì bọ inú rẹ̀, kí ẹ tó dè é. Ẹ gé gbogbo inú tán kí ẹ tó gé etí. Bí a bá kọ́kọ́ gé etí, pákó yóò di ẹlẹgẹ́ lọ́wọ́ wa, yóò sì ṣẹ́.

6. Ara wa, àmánà ni. Ẹ lo ìbòmú àti jígí ojú. Kí arákùnrin ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè, kí arábìnrin fi etí híjáàbù rẹ̀ sínú aṣọ, kí ẹ̀rọ má baà gbé e.

Orúkọ Ọlọ́hun lára pákó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́ orúkọ Ọlọ́hun tí a gé sára igi láti gbé kọ́ ògiri. Níbí ni ìṣọ́ra ti pọ̀ jù. Ẹ wo orúkọ náà Ar-Rahiim. Bí a bá gé lẹ́tà rẹ̀ ní ihò-ihò, tí dìríìlì sì ṣèèṣì lu ojú kan sínú ikùn ha, ha ti di jiimu nìyẹn. Rahiim, orúkọ Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run, ti di rajiim, èyí tí a fi ń pe Èṣù ẹni ẹ̀kọ̀. Ihò kan ṣoṣo ni! Nítorí náà, ẹ fi àwòrán han áàfáà kí ẹ tó gé e, kí ẹ sì tún fi hàn án kí ẹ tó tà á. Èyí tí ó bá bàjẹ́, kì í ṣe ohun tí a ń dí pa.

Kò sì yẹ kí a dí ohunkóhun pa fún oníbàárà. Àwọn kan a máa po ìyẹ̀fun igi mọ́ gọ́ọ̀mù, wọn a fi rẹ́ ojú ibi tí ó sán, wọn a kùn ún, wọn a sì tà á ní owó ojúlówó. Ẹ rántí oníṣòwò tí Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ rẹ̀, tí ó bá omi nísàlẹ̀. Ó bá a wí pé kò gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn rí i, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá rẹ́ni jẹ kò sí lára òun. Pákó tí a fi gọ́ọ̀mù dí kò yàtọ̀ sí oúnjẹ náà. Ẹ sọ àléébù rẹ̀, kí ẹ dín owó rẹ̀ kù.

Ẹ wá ọ̀gá, ẹ dá àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì pé ọdún àdéhùn náà. Sísá kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ nítorí pé a ti mọ díẹ̀, àdéhùn ni a yẹ̀ yẹn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìdí tí a fi ń gé inú kí a tó gé òde? Kí ni èyí kọ́ wa nípa àníyàn ṣáájú iṣẹ́?
2. Kí ni ihò kan lè sọ orúkọ Ar-Rahiim dà?
3. Bí ọ̀gá bá ní kí o dí ibi tí ó sán pa, kí ni ìwọ yóò ṣe?

Kí Ọlọ́hun fi halali tó wa, kí Ó sì fi alubarika sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.