Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÍ APÁ Ẹ̀RỌ BÁ SÁN, BÁWO NI A Ó ṢE DÌ Í?

 

Ẹ ò ní tíì gbàgbé ẹ̀rọ tó ń fọ́ ekùrọ́, èyí tí ẹgbẹ́ yá àwọn ìyá wa lówó láti rà. Ọ̀kan nínú àwọn apá irin tó ń yí nínú rẹ̀ sán. Oníṣẹ́ tó ń mójú tó o wá sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí a pààrọ̀ rẹ̀. A ní owó kò sí nílẹ̀, kí ó fi wáyà so ó ná, a ó gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé tó ń bọ̀. Èmi akọ̀wé yín gan-an ni mo kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀. Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, apá irin náà já, ó dá ìdérí ẹ̀rọ lu, ó sì fò kọjá lẹ́bàá etí ìyá kan tó ń ṣa ekùrọ́. Ọlọ́run ló yọ wá. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méje ni ẹ̀rọ fi dákẹ́, àwọn ìyá wa kò sì rí owó àyálò san. Ìdí nìyí tí mo fi wádìí ọ̀rọ̀ yìí, kí gbogbo wa lè jọ kọ́gbọ́n.

IGBÁ GÍGÁN

Àwọn bàbá wa ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Bí igbá bá sán, wọn kì í sọ ọ́ nù, wọ́n á gán an ni. Ẹni tó ń gán igbá kì í lu ihò sí etí ibi tó sán gan-an, nítorí yóò tún ya sí i. Á sún díẹ̀ síbi tó ṣì le, á lu ihò wẹ́wẹ́ sí ọ̀tún àti òsì, á ki okùn bọ̀ ọ́, á sì fà á le bí ẹni ń rán aṣọ. Okùn náà kò sọ igbá di tuntun o. Ohun tó ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí ẹnu ibi tó sán máa gbòòrò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dúró lé.

APÁ Ẹ̀RỌ AFẸ́FẸ́

Ọ̀kan lára ibi tí irú iṣẹ́ yìí ti le lóde òní ni ara ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ gíga tí afẹ́fẹ́ ń yí tó fi ń fún ni ní iná. Ọ̀rọ̀ iná kò ṣàjèjì sí àwa ará Òṣogbo, nítorí ìlú wa ni ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń darí iná Nàìjíríà wà. Ní Lambar Rimi, ní ìpínlẹ̀ Katsina, wọ́n ri irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ 37 mọ́lẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mú kílówáàtì 275 wá. Apá méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, wọ́n sì ṣe òpó rẹ̀ kí a lè dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí àtúnṣe bá wà.

Fáíbà ni wọ́n sábà fi ń ṣe apá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, irú èyí tí àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe fi ń dí bọ́ńpà tó fọ́. Wọ́n á ṣe é ní ìlàjì méjì, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Bí gọ́ọ̀mù bá jáwọ́, etí apá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lanu. Ẹ jẹ́ ká ṣírò bí ọlọ́jà: bí apá bá yí ní ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 21,600 ni yóò yí láàárín ọjọ́ kan. Ní gbogbo ìgbà náà, ìwọ̀n ara rẹ̀ ń fà á lọ, ó ń fà á bọ̀. Báwo ni ẹnu kékeré kò ṣe ní di ńlá?

Àtúnṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n ha ibi tó bàjẹ́ kúrò, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ́ fáíbà tuntun lé ara wọn níbẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ ni. A tún lè fi bóòtì àti nọ́ọ̀tì tàbí ríbẹ́ẹ̀tì kún un, kí ẹnu ibẹ̀ má baà tún ṣí. Igbá gígán náà ni! Ṣùgbọ́n bóòtì tí a ṣe fún irin kò ṣe é ṣàdédé gbé sára fáíbà. Ihò tí a bá lu yóò gé àwọn fọ́nrán tó ń ru ẹrù. Nọ́ọ̀tì tí a bá fún le jù yóò tẹ fáíbà fọ́. Omi lè gba ihò wọlé. Irin tí a fi síbi tí kò yẹ sì lè fa àrá. Nítorí náà ni wáṣà fífẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì kí ẹrù lè tàn ká, kí a sì fi gọ́ọ̀mù dí ihò náà pátápátá.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ 1945

Kì í ṣe àwa nìkan la sún àtúnṣe síwájú. Ní 1941, ní Vermont ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan tó lágbára kílówáàtì 1,250 sórí òkè Grandpa's Knob. Palmer Putnam ló ronú rẹ̀. Apá méjì onírin ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó tọ́ọ̀nù 8. Ní 1943, bẹ́ríìnì ńlá inú rẹ̀ bàjẹ́. Ogun wà lóde, ohun èlò wọ́n, ó di 1945 kó tó tún yí. Wọ́n ti mọ̀ pé ibì kan wà lára apá náà tí kò lágbára tó, ṣùgbọ́n wọn kò rí ohun èlò tí wọn yóò fi kún un. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹta, 1945, apá kan já níbi tí wọ́n ti mọ̀ náà, ó sì fò lọ. Nígbà tí wọ́n ṣírò owó àtikọ́ òmíràn, wọ́n pa á tì.

Ẹ wá wo Dẹ́ńmáàkì. Ní 1957, Johannes Juul kọ́ ẹ̀rọ alápá mẹ́ta sí Gedser, tó lágbára kílówáàtì 200. Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ so àwọn apá náà mọ́ra wọn, kí ọ̀kan má baà máa dá ẹrù rù. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ títí di 1967, àtúnṣe tó sì gbà kò pọ̀. Ṣé ẹ rí i pé ìwà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nìyẹn?

OHUN TÍ A Ó MÁA ṢE

1. Lọ́jọ́ tí a bá rí i pé apá sán, kí a dá ẹ̀rọ dúró. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

2. Bí ó bá jẹ́ ìdí apá ló sán, kò sí dídì níbẹ̀; kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ etí irin ni, oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n lè lu ihò róbótó sí òpin ibi tó sán kó má baà gùn sí i, kí ó fi irin pẹlẹbẹ há a lọ́tùn-ún lósì, kí bóòtì sì gba ibi tó ṣì le.

3. Ohun tí a bá fi kún apá kan, kí a fi ìwọ̀n rẹ̀ kún àwọn yòókù. Bí apá kan bá wúwo ju èkejì lọ, gbogbo ẹ̀rọ á máa gbọ̀n.

4. Ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n a máa tú nọ́ọ̀tì. Kí a lo nọ́ọ̀tì méjì lórí ara wọn. Kí a fi ọ̀dà fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin. Bí ìlà náà bá yà, nọ́ọ̀tì ti ń tú nìyẹn.

5. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí ẹ̀rọ láìsí ìdérí.

6. Mo dá a lábàá pé nínú ₦100 tí ẹ̀rọ bá pa, kí a yọ ₦5 sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, kí ẹnikẹ́ni má sì yá a.

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà mọ òṣómàáló. Kì í dìde títí yóò fi gba owó rẹ̀. Gbèsè ni ibi tó sán lára irin, òun náà ti lóṣòó dè wá. Ẹ jẹ́ ká san án nígbà tó ṣì kéré.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Kí ló dé tí ẹni tó ń gán igbá kì í lu ihò sí etí ibi tó sán?
2. Ẹ̀rọ wo ló wà lọ́wọ́ yín tí apá rẹ̀ ti sán, tí ẹ kò tíì sọ fún ìgbìmọ̀?
3. Ṣé ẹ fara mọ́ ₦5 náà, àbí iye mìíràn ni?

Ire o.

Èmi ni akọ̀wé yín.