Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: OORU ÀTI JẸJẸRẸ PROSTATE

Bí ìbàdí bá ń ro àwọn àgbàlagbà wa ní Ọbaléndé àti Ìsàlẹ̀ Èkó, wọn a fi aṣọ tí a rẹ sínú omi gbígbóná lé e. Àṣà rere ni, nítorí ooru a máa dẹ iṣan, ìrora a sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìrora náà bá ti ara jẹjẹrẹ prostate wá ńkọ́? Àwọn kan ní ooru a máa tàn án ká. Àwọn mìíràn ní a máa pa á. Ẹ jẹ́ kí a wádìí rẹ̀.

1. Bí ó ti ń tàn. Prostate ni kókó kékeré tí ó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tí ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká. Ní 1940, Oscar Batson, ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó so agbègbè yìí mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Nítorí náà ìrora ìbàdí lè jẹ́ àmì pé àrùn náà ti dé egungun, kí a tó gbé omi kaná rárá.

2. Ohun tí ń bọ́ ọ. Ní 1941, Charles Huggins fi hàn pé èròjà tí ń sọ ọmọkùnrin di géńdé ni ó ń bọ́ àrùn yìí. A kò rí ẹ̀rí pé aṣọ gbígbóná ń tàn án ká. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè wò ó. Ooru tí àwọn oníṣègùn kan ń lò pẹ̀lú ìtànṣán, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

3. Ewu rẹ̀. Ìdádúró ni. Ìrora a rọlẹ̀, baba a rò pé ara ti dá, oṣù a sì gorí oṣù. Bí àrùn náà bá tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ lè rọ; omi gbígbóná sì lè bó ara tí kò mọ nǹkan lára mọ́. Bí a bá fi agbára wọ́ egungun tí àrùn ti jẹ, ó lè ṣẹ́.

4. Ohun tí ó yẹ. Ẹni tí ìbàdí rẹ̀ ń ro láìdáwọ́ dúró, pàápàá ní òru, tàbí tí ìtọ̀ ń ṣòro fún, kí ó lọ sí ilé-ìwòsàn. Èyí tí Ìjọba dá sílẹ̀ ní Erékùṣù Èkó ní 1893 kò jìnnà sí Ọbaléndé. Ibi ìtọ́jú jẹjẹrẹ sì ṣí ní LUTH, Ìdí-Àràbà, ní 2019. Ẹni tí a ti mọ̀ pé ó ní àrùn náà, kí ó bi dókítà kí ó tó gbé ooru lé ara.

Ní 2014 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sọ ní gbangba pé òun ti ní àrùn yìí, òun sì ti gba ìtọ́jú. Ó pé ẹni 90 ọdún ní 2024. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti sọ ọ́ fún baba wọn.