Àpótí Ìmọ̀: Oṣù 36 Tó Ń Dán Àgbẹ̀ Ọlọ́kà Wò

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí pé òun kò fi kẹ́míkà gbin ọkà òun gbọ́dọ̀ fi oṣù 36 dáko láìlo ajílẹ̀ kẹ́míkà tàbí oògùn apakoríko tí òfin kà léèwọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ní àkókò yẹn, ìkórè sábà máa ń dín kù, síbẹ̀ iye tí wọ́n ń ta ọkà lásán ni yóò ta tirẹ̀, gbèsè báńkì kò sì ní dúró dè é. Ẹ̀yìn ìwé ẹ̀rí ni owó gidi tó ń wọlé.

Lórí oko ńlá aláìlókẹ́míkà ní Iowa, àgbàdo kì í tẹ̀ lé àgbàdo. Ẹ̀wà sóyà ló ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà óòtì pẹ̀lú alfalfa, tó ń fi náítírójìn sínú ilẹ̀. Kí àgbàdo tó hù pàápàá, katakata á ti fa irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá lórí ilẹ̀, kó lè tu èpò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Bí òjò bá fi ọ̀sẹ̀ kan rọ̀ tí katakata kò lè wọ oko, èpò ti borí nìyẹn.

Iléeṣẹ́ ìwádìí Rodale ní Pennsylvania ti ń fi oko aláìlókẹ́míkà àti oko tó ń lo kẹ́míkà wéra láti ọdún 1981. Ìròyìn wọn ni pé àgbàdo aláìlókẹ́míkà máa ń so ju èkejì lọ lọ́dún ọ̀dá.

Ìjọba tó bá fẹ́ kí irú oko yìí pọ̀, kó dúró ti àgbẹ̀ láàárín oṣù 36 yẹn.