Orin Ìkórè àti Ewé Gbígbẹ

Ẹ ka: Jẹ́nẹ́sísì 2:15, Orin Dáfídì 65:9-13

Ní Ungwan Dosa, nígbà ọyẹ́, mo máa ń gbá ẹ̀yìnkùlé mi, mo máa ń dáná sun ewé, orin ìkórè á sì wà lẹ́nu mi. Matthias Claudius, ará Jámánì, ló kọ ọ́ ní 1782. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé Ọlọ́run ló ń mú irúgbìn wa hù.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ Jẹ́nẹ́sísì gún mi lọ́kàn: kì í ṣe ríro nìkan ni Ọlọ́run fi lé Ádámù lọ́wọ́, ó ní kó tọ́jú ọgbà náà pẹ̀lú. Ewé tó bá jẹrà ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Èyí tó bo ilẹ̀ kì í jẹ́ kí omi tètè gbẹ. Oúnjẹ ilẹ̀ ni mo ń sọ di èéfín, tí mo sì ń dúpẹ́!

Àwọn tó ń ṣe permaculture, iṣẹ́ ọ̀gbìn tí Bill Mollison àti David Holmgren ti Ọsirélíà ṣàlàyé nínú ìwé wọn ní 1978, ewé ni wọ́n fi ń bo ilẹ̀. Èmi náà ti ń fi bo ìdí ẹ̀fọ́ mi báyìí. Orin yẹn náà ni mo ṣì ń kọ. Ọwọ́ mi ti ń ṣe àmín sí i.

Ìbéèrè: Orin wo lò ń kọ tí ọwọ́ rẹ ń takò?

Àdúrà: Olúwa, jẹ́ kí iṣẹ́ mi bá orin mi mu. Àmín.